Afárá Kì í Bẹ̀rẹ̀ Fún Ọkọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú Ọba sọ̀rọ̀, àti àwa òbí tí a máa ń lọ kí wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan ìrìn àjò fàájì lórí omi.

Káfíńtà ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi kan ọkọ̀ pákó létí ọ̀sà níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ní oṣù keje ọdún 2023, mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti dáwó jọ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan tó ní ẹ́ńjìnnì, yàrá ibùsùn, ilé ìdáná àti òrùlé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún mi. A ó gbéra ní Kingston, a ó máa gba orí odò Thames lọ títí dé Lechlade. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣètò. Wọ́n ka agolo ọtí, wọ́n ka adìyẹ, wọ́n ka ẹgbẹ́jọdá. Kò sí ẹnì kan tó béèrè bí afárá ojú ọ̀nà ti ga tó. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún wọn ṣáà ti sọ pé yóò gbé wọn dé ibi tí odò pin sí, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Kí ó lè yé ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti Teddington dé Lechlade, lọ́ọ̀kì 44 ló wà lórí odò náà. Kì í ṣe lọ́ọ̀kì ara ilẹ̀kùn ilé o! Yàrá omi ni, tí a mọ ògiri sí lọ́tùn-ún lósì, tó ní ilẹ̀kùn ńlá níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á jẹ́ kí omi òkè máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á máa ga sókè títí omi inú àti omi òkè yóò fi dọ́gba. Ìgbà náà ni wọ́n á tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, wọ́n á jẹ́ kí omi ṣàn jáde, ọkọ̀ á sì máa sọ̀kalẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ àkókò. Òfin odò náà sì ni pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 5 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá fi ìrìn mọ́tò ṣírò ìrìn odò yìí, ó ti ṣì í ṣírò.

Ọjọ́ márùn-ún la fi rìn. A la lọ́ọ̀kì 32 kọjá, ó ku 11 péré. Bí a ti jáde nínú lọ́ọ̀kì Osney ní ìlú Oxford báyìí ni mo rí afárá kan níwájú, afárá irin kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan omi. Ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 6 ló wà láàrin omi àti abẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tó rẹlẹ̀ tó o ní gbogbo ọ̀nà náà. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló jókòó sórí òrùlé ọkọ̀ tó ń juwọ́ sí àwọn èrò etí odò. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, n kò ké irú rẹ̀ rí láyé mi. Ọmọ náà bẹ́ sílẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ sẹ́yìn. A so ọkọ̀ mọ́ etí odò.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi ní ṣebí wọ́n á ṣí afárá náà fún wa bí wọ́n ṣe ń ṣí Tower Bridge. Tower Bridge ń ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Osney kì í ṣí. Èkejì ní kí a pe àwọn èrò etí odò wọlé kí ọkọ̀ lè rì díẹ̀, kí a fi bẹ́ẹ̀ yọ́ kọjá. Mo mú téèpù jáde nínú àpò mi, nítorí káfíńtà kì í fi téèpù sílé. Mo wọ̀n ọ́n láti ojú omi dé òkè òrùlé: ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 10. Íǹṣì 4 ló fi lé. Kí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó rì ní íǹṣì 4, èrò inú rẹ̀ á ti pọ̀ ju èyí tó lè gbé láìséwu. Àwa ará ọ̀sà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ohun tí àpọ̀jù èrò ń fà. A ti sin òkú tó pọ̀ lórí rẹ̀.

Mo ní kí a padà. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. N kò bá a wí, nítorí ó ti ránṣẹ́ sí àlejò pé kí wọ́n wá pàdé wa ní Lechlade lọ́jọ́ Sátidé, àwọn kan sì ti se ìrẹsì sílẹ̀. Ojú tì í. Ìtìjú yìí gan-an ni mo fi kọ̀wé, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tì wá sábẹ́ irin.

Wàhálà kò tíì tán. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọ̀kan nínú wọn fi ìbínú so okùn ọkọ̀ ní kókó mọ́ òpó etí lọ́ọ̀kì, ó bá tẹ̀lé fóònù rẹ̀ lọ. Omi ń lọ sílẹ̀, okùn kò tú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dagun, abọ́ ń já bọ́ nínú ilé ìdáná. Ọpẹ́lọpẹ́ olùtọ́jú lọ́ọ̀kì tó tètè dá omi dúró.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ tèmi. Kí ẹ tó ka agolo ọtí, ẹ kọ́kọ́ wádìí afárá tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà yín. Ẹ wọn ọkọ̀ yín láti ojú omi dé ibi tó ga jù tí kò ṣe é ká. Kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí epo àti omi inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ọkọ̀ tó fúyẹ́ máa ń ga sí i. Ẹnu kò ṣe é wọn pákó, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà gbọ́. Bí òjò bá rọ̀ gan-an, omi á ga, àyè abẹ́ afárá á sì dín. Ẹ máa wo pátákó tí wọ́n ń gbé sí ẹnu lọ́ọ̀kì: bí ó bá jẹ́ yẹ́lò, omi ń yí padà, bí ó bá jẹ́ pupa, omi le, ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú lọ́ọ̀kì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan di okùn iwájú mú, kí ẹlòmíràn di ti ẹ̀yìn, kí wọ́n má so ó ní kókó. Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ gun òrùlé rárá.

Àwọn kan á ní bàbá arúgbó yìí fẹ́ ba fàájì jẹ́. Rárá o. Oxford dára, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe ní Lechlade tí kò ṣe é ṣe níbẹ̀. Ká ní a ti wọn ọkọ̀ náà ní Kingston ni, Oxford la ò bá pe àlejò sí, à bá jẹ, à bá jó, kò sì sí ẹni tí ojú ìbá tì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹ bá sì ti dé abẹ́ afárá kí ẹ tó mọ̀, ẹ yí padà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àlejò á jẹ ìrẹsì tutù, á sì gbàgbé. Ọmọ tí irin bá gbá lórí, ta ni yóò gbàgbé ìyẹn?

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Káfíńtà,
Ẹ̀pẹ́.