Ìsìláàmù àti ìjà òmìnira: ọwọ́ ta ni ẹ̀sìn wà?

Ẹ̀yin ará, àwọn kan ń wí pé oògùn oorun ni ẹ̀sìn, pé ẹni tí ó ń kírun kò lè bá amúnisìn jà. Àwọn mìíràn ń wí pé Ìsìláàmù nìkan ni ó lé òyìnbó lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Àlùjíríà.

Ní ọdún 1830 ni àwọn Faransé gba ìlú Alger. Abd el-Kader, ọmọ àlùfáà, pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ogun ẹ̀sìn ní 1832. Ọdún 1847 ni ọwọ́ Faransé tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gba ilẹ̀ oko, wọ́n gba ilẹ̀ mọ́sáláásí pẹ̀lú. Ní 1905, òfin Faransé wí pé ìjọba kò gbọdọ̀ dá sí ẹ̀sìn mọ́. Ṣùgbọ́n ní Àlùjíríà, ìjọba kò fi lèmọ́mù sílẹ̀: òun ni ó ń yàn wọ́n, òun ni ó ń san owó wọn. Kí ni ìdí rẹ̀? Ẹnu tí ó ń jẹ oúnjẹ gómìnà kò ní lè bá gómìnà wí.

Ní 1931, Abdelhamid Ben Badis àti àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọn kò gbé ìbọn. Wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀, wọ́n tẹ ìwé ìròyìn, wọ́n kọ́ ọmọdé ní èdè Lárúbáwá, wọ́n sì kọ́ wọn pé Àlùjíríà kì í ṣe Faransé. Ní 1933, ìjọba kò jẹ́ kí wọ́n wàásù mọ́ ní mọ́sáláásí ìjọba ní Alger. Ní 1938, ó ka èdè Lárúbáwá sí èdè àjèjì lórí ilẹ̀ àwọn tí ń sọ ọ́! Bí ìwé kíkà kò bá ní agbára, kí ni ó ń ba amúnisìn lẹ́rù? Bí ọwọ́ ọmọ kò bá tẹ èkù idà, kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlùfáà nìkan kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ṣí lọ sí Paris ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti 1926. Nígbà tí FLN bẹ̀rẹ̀ ogun ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1954, àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú àwọn jagunjagun. Ẹgbẹ́ àlùfáà kò dara pọ̀ mọ́ wọn títí di 1956. Maurice Audin kì í ṣe mùsùlùmí, síbẹ̀ ọwọ́ sójà Faransé ni ó kú sí ní 1957 nítorí òmìnira Àlùjíríà. Òmìnira náà dé ní oṣù keje ọdún 1962.

Ní Àjàṣẹ́ wa pàápàá, nígbà tí ìlú dìde nítorí owó-orí ní 1923, mùsùlùmí wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ̀, mùsùlùmí wà lẹ́yìn ìjọba Faransé. Kùránì kan náà ni wọ́n ń kà.

Nítorí náà, ẹ má bú ẹ̀sìn, ẹ má sì fi ojú dídì tẹ̀ lé e. Àdá kì í dá oko ṣán. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé Kùránì tàbí Bíbélì wá bá yín, ẹ bi í pé: ta ni ó ń bọ́ ọ? Ilẹ̀ ta ni ò ń gbèjà? Kí ẹ sì kọ́ ìwé, kí ẹ lè ka ìdáhùn rẹ̀ fúnra yín.