Ìpín Dọ́gba Kọ́ Ni Ìpín Òdodo

Nínú fúláàtì àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Festac àti Amuwo-Odofin, ọ̀pọ̀ wa ló ń dá owó ra dátà sórí router kan. Láti January 2025 tí NCC ti fọwọ́ sí àfikún owó tó tó 50%, ìjà dátà ti le sí i. Ohun tí àwọn kan ń sọ ni pé, "Ẹ pín in dọ́gba, ó parí." Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo fóònù ń lò: bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú router, àwọn yòókù á dúró. Ẹni tó wà ní kíláàsì orí Zoom kò nílò púpọ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó ń dáńlóòdù fíìmù nílò púpọ̀, ṣùgbọ́n fíìmù lè dúró di òru. Ìyá wo ló ń bu ẹ̀bà kan náà fún ọmọ ọwọ́ àti bàbá rẹ̀?

Àwọn tó ṣe Wi-Fi mọ èyí. Láti ọdún 2005 ni ìlànà IEEE 802.11e ti ní ìsọ̀rí mẹ́rin: ohùn, fídíò, ohun gbogbogbòò, àti èyí tó lè dúró sẹ́yìn. Ohùn ló ń ṣíwájú.

Àwa tí tírélà ti há mọ́ Mile 2 rí mọ ìdí rẹ̀. Ní February 2021, NPA gbé ètò ìpè tírélà kalẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Ètò": kí tírélà dúró ní páàkì títí wọn ó fi pè é sí èbúté. Kò wo gbogbo àrùn ọ̀nà náà sàn, àmọ́ èrò rẹ̀ tọ́. Wọn ò lé tírélà. Wọ́n ní kó dúró de àsìkò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a tún mọ ohun tí sírénì dà ní Èkó. Bí gbogbo ènìyàn bá ń pe tirẹ̀ ní kánjúkánjú, ẹni tó fẹ́ fi asáínmẹ́ǹtì ránṣẹ́ kò ní rí àyè. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣíwájú gbọ́dọ̀ ní òdiwọ̀n, ẹni ẹ̀yìn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀nba tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó dá owó oṣù tó ń bọ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ QoS sí nínú router yín. Ẹ fi kíláàsì àti ìdánwò síwájú, ẹ fi dáńlóòdù sí òru. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì sọ fún wa ohun tí wọ́n ń dẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń ṣe é. Owó wa ni.