Ọkọ̀ Asáré Lójú Ọ̀nà Ìjerò
Ẹ̀yin ìyàwó wa ọ̀wọ́n, ọkọ̀ asáré dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ó rẹlẹ̀, búùtù rẹ̀ kò sì gba àpótí ńlá. Ẹ di ẹrù sínú àpò rírọ̀. (Ẹ̀bùn ìyá ọkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè fún!) Ní àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, kí baálé fi jíà kékeré sọ̀kalẹ̀, kí bíréèkì má baà gbóná jù. Ẹ na ẹsẹ̀ ní Aràmọkọ.

Ọmọ ńkọ́? Bí àga méjì péré ni ọkọ̀ náà ní, ẹ má gbé e lé itan. Bí ìjàǹbá bá dé, ọwọ́ ìyá kò lè dì í mú. Àpò afẹ́fẹ́ tí ń bẹ́ jáde níwájú sì lè pa ìkókó. Kí baálé máa nìkan wà á lọ. Ẹ̀yin àti ọmọ, ẹ wọ ọkọ̀ tí ó ní àga ẹ̀yìn.