Ìbílẹ̀ Kọ́ Ni Organic: Ta Ni Ẹlẹ́rìí Iṣu Tí À Ń Rà?

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń tajà láìjókòó ti ọjà. Àgbẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti oko yóò to iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò ka òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò fi owó sílẹ̀, yóò sì gbé iṣu. Àwa olùkọ́ àṣà a máa fi èyí yin ìṣòtítọ́ àwọn ará àtijọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Òkúta wọ̀nyẹn kò sọ bóyá iṣu náà dára; iye owó nìkan ni wọ́n sọ. Ohun tí ó jẹ́rìí sí iṣu náà ni pé ẹni tí ó ń kọjá lọ mọ oko tí ó ti wá, ó mọ baba tí ó ni oko, ó sì mọ ilé tí yóò gbé iṣu padà lọ bí ó bá já sí jíjẹrà.

Lóde òní, àlẹ̀mọ́ ara ọjà ni ó fẹ́ gba ipò ẹlẹ́rìí yìí. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń rí ọ̀rọ̀ náà, "organic", lára ike àti ọ̀rá oúnjẹ. Ó sì ti dé àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní Èkó àti Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fi bu owó lé ọjà. Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́rìí sí? Ǹjẹ́ ó tó ohun tí ènìyàn ń san àfikún owó lé lórí?

Ní Amẹ́ríkà, òfin ni ó dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣe òfin náà ní 1990, ìlànà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù kẹwàá 1002+1000, èyí nì 2002. Oúnjẹ tí ó bá ru àmì róbótó "USDA Organic" gbọ́dọ̀ jẹ́ pé, yàtọ̀ sí omi àti iyọ̀, ó kéré tán 95 nínú 100 ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a gbìn láìlo ajílẹ̀ òyìnbó, láìlo irúgbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà, tí a kò sì fọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn àtọwọ́dá sí i. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 3 láìfojú kan irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ewé tí a fi ìràwọ̀ yà ni àmì tiwọn láti oṣù keje 2010. Nísàlẹ̀ ewé yìí ni nọ́ńbà àwọn tí ó ṣàyẹ̀wò oko wà, òun gan-an ni ó sì yẹ kí ojú kọ́kọ́ lọ bá, nítorí òun ni ó sọ ẹni tí a lè bi léèrè. Ọ̀rọ̀ bí i "natural" kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Nọ́ńbà NAFDAC náà kì í ṣe ẹ̀rí organic: ó ń sọ pé ìjọba ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀ ni, kò sọ bí a ṣe ro oko rẹ̀.

Ní ti àǹfààní fún ara, àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn ti Stanford yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò ní 2012, wọn kò rí ẹ̀rí tí ó lágbára pé organic ń ṣara lóore ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ìyókù oògùn kì í sábà sí lára rẹ̀ tó ti èkejì. Àwọn ti Newcastle ní 2014 rí àwọn èròjà aṣaralóore kan tí ó pọ̀ sí i, àwọn náà sì gbà pé oògùn dín kù. Ibi tí ẹnu wọn ti kò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àlẹ̀mọ́ náà kò dènà èébu. Ní 2004, àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa, tí èébu sì mú, pa ènìyàn 125 ní orílẹ̀-èdè Kenya. Sísá nǹkan gbẹ kò sí lára ohun tí organic ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí a wá darí sílé, sí Ìgbẹ́tì ní ẹsẹ̀ Òkè Agbelé, níbi tí iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá a máa sọ pé àwọn kò nílò àlẹ̀mọ́ kankan, pé ohun tí ó bá ti Òkè-Ògùn wá, ìbílẹ̀ ni, kò lóògùn nínú. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀yá ìjà díẹ̀. Bí a bá ní adìẹ ìbílẹ̀ àti adìẹ àgíríìkì, irú adìẹ ni à ń sọ. Ìbílẹ̀ ń sọ ibi tí irúgbìn ti ṣẹ̀ wá. Kò sọ ohun tí a fọ́n sí i lórí. Iṣu tí a jogún èbù rẹ̀ lọ́wọ́ baba ńlá wa, tí a wá fi oògùn apakoríko ro oko rẹ̀, ìbílẹ̀ ni síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe organic. Àgbàdo tí àwọn onímọ̀ tún irú rẹ̀ ṣe, tí a kò yí àbùdá rẹ̀ padà, tí a sì fi ìgbẹ́ ẹran bọ́, lè jẹ́ organic láìjẹ́ ìbílẹ̀ rárá. Ìtumọ̀ tí a fún ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọjà ni ó ń tàn wá jẹ.

Èmi kò dá àgbẹ̀ lẹ́bi. Nígbà tí òwè àti àáró wà ní ìdúró, ogún ọkọ́ lè wọ oko kan lóòjọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ilé-ìwé, wọ́n ti lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ti gun ọ̀kadà. Owó alágbàṣe sì ti ga ju ohun tí baba arúgbó lè san lọ. Kí ni yóò ṣe bí kò bá gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn? Àmọ́ oògùn yìí kì í ṣe ohun eré. NAFDAC fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nítorí ewu rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2015, ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ wa padà nítorí ìyókù dichlorvos, oògùn apakòkòrò, tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yìí sì kọ́ wa pé kì í ṣe inú oko nìkan ni ewu wà; inú àká àti inú àpò ọjà ni ó tún ń gbà wọlé. Èlùbọ́ tí kòkòrò fẹ́ràn ni kí a fi ṣọ́ra jù lọ.

Ohun kan wà lápá ibẹ̀ tí àlẹ̀mọ́ lè ṣe lóore fún gan-an, òun ni òrí. Igi emi ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn, a kì í bu ajílẹ̀ sí i. Òfin Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù gba èso inú igbó bẹ́ẹ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí organic, bí ẹ̀rí bá ti wà pé a kò fọ́n oògùn síbẹ̀ fún ọdún 3. Ẹni tí ó ń ra òrí ní òkè òkun kò mọ Ìgbẹ́tì, kò sì mọ ìyá tí ó pò ó. Ó nílò ẹlẹ́rìí tí a háyà, ó sì tọ́ kí ó sanwó rẹ̀. Oko tí oògùn ti ń ṣàn yí igi emi ká ni yóò ba ẹ̀rí yẹn jẹ́ mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nítòsí ń kọ́? Owó aṣàyẹ̀wò láti òkè òkun wúwo ju àgbẹ̀ tí ó ní ebè díẹ̀ lọ. Ìlànà mìíràn wà tí IFOAM, ẹgbẹ́ àgbáyé tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1972, fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ń lò ní Brazil àti India: àwọn àgbẹ̀ àdúgbò àti àwọn tí ó ń rajà lọ́wọ́ wọn yóò jọ máa bẹ oko ara wọn wò, wọn yóò sì jọ fọwọ́ sí ẹ̀rí. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí àáró? Ẹni tí ó bá ni ro oko mọ ohun tí ó wà nínú oko. Bí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Ìgbẹ́tì bá lè sọ òwè di ìgbà ẹ̀rí pẹ̀lú, wọn kò ní dúró de àlejò kí iṣu wọn tó níyì.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, èmi kò ní sanwó kún owó nítorí ọ̀rọ̀ kan lára ike, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní tìtorí "ìbílẹ̀" san án. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi àwọn ìyá ọlọ́jà: "Ìyá, ìgbà wo ni ẹ fọ́n oògùn sí oko yìí kẹ́yìn? Kí ni ẹ fi lé kòkòrò kúrò lára èlùbọ́ yìí?" Ìyá tí ó bá lè dáhùn, tí ó sì lè dárúkọ ẹni tí ó bá a ro oko náà, òun ni kí ó gba àfikún owó náà lọ́wọ́ mi.