Obì Kò Lè Rọ́pò Oorun

Ó ti pẹ́ tí obì ti jẹ́ alábàárìn àwọn tí kò fẹ́ sùn. Àgbẹ̀ a máa jẹ ẹ́ bí iṣẹ́ ebè bá pọ̀ lọ́wọ́. Ọdẹ a fi í sí àpò. Awakọ̀ akẹ́rù a gé e jẹ lójú ọ̀nà lóru. Àwọn tí ó lọ ṣe ìṣọ́ òru pàápàá a máa wá a. Wọ́n gbà pé obì ń fún ara ní agbára. Ìmọ̀ nípa ọpọlọ ènìyàn kò fara mọ́ èyí, ó sì tọ́ kí ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀mí ara rẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà lójúfò, ohun kan tí à ń pè ní adẹ́nósíìnì a máa pọ̀ sí i nínú ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìránṣẹ́ ni. Ó ní àga tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Bí ó bá ti jókòó, ojú a wúwo, ènìyàn a sì máa yán. Oorun ni ó ń dín in kù. Ṣùgbọ́n kaféènì wà nínú obì, ìbáà ṣe gbànja tàbí àbàtà, ohun kan náà tí Runge, ará Jámánì, yọ jáde láti inú kọfí ní ọdún 1819. Kaféènì yìí ni ó ń sáré lọ jókòó sórí àga ìránṣẹ́ náà. Ìránṣẹ́ kò rí ibi jókòó, kò lè jíṣẹ́. Síbẹ̀ kò padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń dé bá a níbẹ̀. Nígbà tí agbára obì bá tán, gbogbo wọn a ya wọlé. Obì kò san gbèsè oorun. Ńṣe ni ó fi ìwé gbèsè pamọ́.

Ní ọdún 1997, Dawson àti Reid ní Ọsirélíà fi ẹni tí kò sùn wé ẹni tí ó mutí. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn wákàtí 17 láìsùn, ọwọ́ àti ojú a dẹ̀ bí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú 100. Ó mà yani lẹ́nu o! Awakọ̀ tí ó bá mu ẹmu kí ó tó wa ọkọ̀, gbogbo ìjọ ni yóò bá a wí. Èyí tí ó ṣe ìṣọ́ òru mọ́jú, tí ó ju obì sẹ́nu, tí ó sì ń kó èrò lọ sílé ní ìdájí, ìyìn ni ó ń gbà. Kí ìjọ tí yóò ṣe ìṣọ́ òru yan awakọ̀ kan sọ́tọ̀, kí ó lọ sùn. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí gbogbo èrò dúró sinmi kí wọ́n tó gbéra.

Èyí kò sọ obì di ohun burúkú, àwọn tí ó sì fẹ́ mú un kúrò níwájú àlejò ti sọ ọ̀rọ̀ náà di àsọjù. Àkókò ni ó ṣe pàtàkì. Nínú àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ó ń gba nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì kaféènì tó kúrò lára. Obì tí a jẹ ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà ní agogo 9 alẹ́. Lára aboyún, ó ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ kí èébì má baà gbé wọn ṣọ́ra.

Àwọn àgbà kan a sọ pé àwọn ń jẹ obì lálẹ́, àwọn sì ń sùn. Òótọ́ ni pé wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n kaféènì a máa dín oorun àsùnwọra kù, ẹni tí ó sùn kò sì lè mọ èyí tí ó pàdánù. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó dán an wò: fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má jẹ obì mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán, kí ó sì wo bí ara rẹ̀ ti rí nígbà tí àkùkọ bá kọ.