Àwo The Beatles Kò Gbó, Etí Wa Ni Àárẹ̀ Ń Mú

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ orin gbígbọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin kan dénúdénú gan-an ni ó sábà máa ń ba adùn orin wọn jẹ́ fún ara rẹ̀. Yóò gbọ́ ọ láàárọ̀, yóò gbọ́ ọ lọ́sàn-án, yóò gbọ́ ọ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Nígbà tí ó bá yá, orin tí ó ń mú orí rẹ̀ wú tẹ́lẹ̀ yóò dà bí ariwo ẹ̀rọ amúnáwá tí etí kò kà sí mọ́.

Ìṣòro yìí le fún àwa tí a fẹ́ràn The Beatles, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin olórin rọ́ọ̀kì láti ìlú Liverpool, nítorí pé ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò pọ̀. Láti ọdún 1963 tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde títí di ọdún 1970 tí ẹgbẹ́ náà tú ká, àwo ńlá méjìlá péré ni wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yìnbọn pa John Lennon ní New York ní oṣù Kejìlá ọdún 1980. George Harrison kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Yàtọ̀ sí orin mélòó kan tí àwọn tí ó kù fi ohùn Lennon àtijọ́ parí, èyí tí ó kẹ́yìn wọn sì jáde ní ọdún 2023, kò sí tuntun mọ́. Ẹni tí ó bá lo àwo méjìlá náà gbó létí ara rẹ̀, ibo ni yóò yà sí?

Ìdáhùn àwọn tí ń ta àwo ni pé kí a tún èyí tí a ti ní rà. Ní ọdún 2009, wọ́n tún ohùn gbogbo àwo náà ṣe, wọ́n sì kó wọn padà sí ọjà. Láti ọdún 2017 ni Giles Martin, ọmọ George Martin tí ó darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn láyé ìjọsí, ti ń tún wọn pò lọ́kọ̀ọ̀kan: Sgt. Pepper ní 2017, Abbey Road ní 2019, Revolver ní 2022. Iṣẹ́ náà dára; ìlù Ringo Starr tí ó há sí apá kan nínú ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ ti rinlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbọ́ ẹ̀dà tuntun bí a ṣe gbọ́ ti àtijọ́, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi sú wa. Etí wa ni ó yẹ kí a tún ṣe.

Fóònù ọwọ́ wa náà pín nínú ẹ̀bi yìí. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni àwọn àwo náà bọ́ sórí àwọn ìkànnì tí a ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní dátà lè gbọ́ wọn tọ̀sán-tòru, kí fóònù sì máa da orin pọ̀ bí ó ti wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ojú kejì Abbey Road ní orin tí ń ṣàn wọnú ara wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, láti You Never Give Me Your Money títí dé The End. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn ní wẹ́wẹ́, tí ó sì ní òun ti gbọ́ Abbey Road, ẹ má ṣe gbà á gbọ́.

Kí ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí àwo sinmi. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dá lọ́dọọdún láìsinmi a máa ṣá. Ẹ gbé Revolver tì fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá tún gbé e jáde, ẹ jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó má jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tàbí ìdí ààrò ni ẹ ti ń gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú Something, ẹ fi ohùn Harrison sílẹ̀, kí ẹ tọpa gìtá béèsì Paul McCartney nísàlẹ̀. Orin tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ó ń kọ. Nínú Eleanor Rigby, kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó fọwọ́ kan ohun èlò orin. Àwọn ẹlẹ́kùn-ún okùn mẹ́jọ tí wọ́n pè wá ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Nínú The End, McCartney, Harrison àti Lennon ń gba gìtá lẹ́nu ara wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní ìtòtẹ̀léra yẹn. Ẹ dijú, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè dá ọwọ́ wọn mọ̀. Ẹ tún wá Sgt. Pepper ẹ̀dà mónò ti ọdún 1967, tí gbogbo ohùn rẹ̀ ń gba ojú kan jáde, nítorí pé òun ni ẹgbẹ́ náà jókòó tì nígbà tí wọ́n ń pò ó. She's Leaving Home yára nínú rẹ̀ ju ti sítẹ́ríò lọ, ohùn rẹ̀ sì ga sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe àwo náà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilé wa níbí. Lẹ́yìn tí The Beatles tú ká, McCartney dá ẹgbẹ́ Wings sílẹ̀. Ní ọdún 1973, ó wá gba ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ Band on the Run sílẹ̀ ní Àpápá, ní Èkó. Kí wọ́n tó gbéra, méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀yìn sí i, ni òun fúnra rẹ̀ bá ń lùlù. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá a lọ́nà, wọ́n sì gba kásẹ́ẹ̀tì tí ó gbé àwọn orin náà sí. Fẹlá náà fi ẹ̀sùn kàn án pé orin ilẹ̀ Áfíríkà ni ó wá jí. Ẹ fi etí Fẹlá gbọ́ àwo yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa wá ohun tí wọ́n ní ó jí. Ní ọdún 2024, wọ́n gbé ẹ̀dà kan jáde láìsí àwọn ohun èlò olókùn tí wọ́n fi kún un ní London. Ẹ̀dà tuntun tí mo fara mọ́ nìyẹn, nítorí pé ó ń fi egungun orin hàn wá.

Ẹlòmíràn yóò ní ìgbádùn ni orin wà fún, kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àti pé bí àwo kan bá sú ni, kí a gbọ́ ti ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ẹ lọ gbọ́ Little Richard fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ó mọ ibi tí McCartney ti kọ́ igbe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sá kúrò nídìí àwo kan bọ́ sí òmíràn láìfara balẹ̀ gbọ́ ìkankan yóò ní ẹgbẹ̀rún orin nínú fóònù, kò sì ní ní ẹyọ kan tí ó mọ̀.

Ẹ̀yin olùkà wa, èwo nínú àwo tí ẹ fẹ́ràn ni ẹ ti lò jù? Ẹ gbé e pamọ́ lónìí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún gbọ́ ọ sílẹ̀, kí ẹ sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un lọ́jọ́ náà.