Owó Ìjọba Ló Yẹ Kó Gbé Ìdánwò NAC

Àwọn ìdílé kan wà ní Iceland tí ọmọ tó bá jogún àrùn ilé wọn sábà máa ń kú ní nǹkan bí ẹni 30 ọdún. Àyípadà bíńtín kan ló wà nínú àbùdá wọn, òun ló ń ba purotéènì tí wọ́n ń pè ní cystatin C jẹ́. Purotéènì náà á máa lẹ̀ mọ́ra, á dì di amílọ́ìdì lára iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, títí iṣan náà yóò fi bẹ́. Ẹni tó bá yè é lẹ́ẹ̀kíní kò tíì bọ́: rọpárọsẹ̀ tún lè dé, iyè á ra, ikú á tẹ̀ lé e. Láti 1935 ni Dókítà Árni Árnason ti kọ̀wé nípa irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀.

Ní 2021, ikọ̀ Hakon Hakonarson ní Children's Hospital of Philadelphia gbé iṣẹ́ kan jáde nínú Nature Communications. Wọ́n fi èròjà méjì, glutathione àti NAC (N-acetylcysteine), sí purotéènì tó ti lẹ̀ pọ̀ náà, ìdìpọ̀ rẹ̀ sì tú sí ẹyọ-ẹyọ. Ìdè imí-ọjọ́ inú purotéènì ni irú èròjà báyìí máa ń já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé awọ ara díẹ̀ yẹ̀ wò lára ènìyàn 6 tó ru àbùdá náà, tí wọ́n sì ń lo NAC. Lára 5 nínú wọn, cystatin C tó dì sí awọ dín kù ní nǹkan bí ìdá 50 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún.

NAC kì í ṣe àjèjì. Láti 1963 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àwọn tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú àyà wọn. Òun náà ni ilé ìwòsàn fi ń dóòlà ẹ̀mí ẹni tó gbé parasitamọ́ọ̀lù mì ju bó ṣe yẹ lọ. Owó pọ́ọ́kú ni, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín.

Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò náwó rẹpẹtẹ sórí ìdánwò ńlá, kí alábàádíje rẹ̀ wá máa ta oògùn kan náà lọ́jọ́ kejì? Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yí oògùn àtijọ́ padà díẹ̀, kí wọ́n fi páténtì tuntun dè é, kí wọ́n sì bu owó gọbọi lé e. Òwò ni, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn kò gbọdọ̀ dúró de èrè. Owó orí aráàlú ló yẹ kó gbé ìdánwò NAC.

Àwọn onímọ̀ kan yóò ní ènìyàn 6 kéré jù, pé kò sí àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfegè láti fi wéra, pé awọ kì í ṣe ọpọlọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí ìdánwò ńlá fi di dandan! Ẹni tó bá torí àìtó ẹ̀rí ká ọwọ́ lẹ́rán, ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ló fi ń ṣọ́ra. Kí ẹnikẹ́ni má sì gba àwọn tó ń ta NAC bí oògùn ọpọlọ gbọ́: purotéènì kan, àbùdá kan, ni iṣẹ́ Philadelphia dá lé.

Ìjọba ti ṣe irú rẹ̀ rí. Diflunisal jẹ́ oògùn ara ríro àtijọ́. Owó ìjọba Amẹ́ríkà wà lára ohun tó gbé ìdánwò rẹ̀ ró, lára aláìsàn 130 tí amílọ́ìdì purotéènì mìíràn, transthyretin, ń ba iṣan ìmọ̀lára wọn jẹ́. Èsì jáde nínú JAMA ní 2013: láàárín ọdún 2, oògùn náà dẹ ẹsẹ̀ àrùn náà. Ẹ fi èyí wé tafamidis, tí ilé-iṣẹ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 nítorí transthyretin kan náà tó ń dì sí ọkàn: $225,000 lọ́dún fún aláìsàn kan ni iye rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà ò sì jìnnà sílé, nítorí àbùdá V122I tó ń fa irú àrùn ọkàn yẹn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀, bí ènìyàn 3 sí 4 nínú 100 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló sì ń rù ú.

National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lówó irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Kí wọ́n fún ìdajì àwọn tó ru àbùdá cystatin C ní NAC, kí wọ́n fún ìdajì yòókù ní òfegè, kí wọ́n máa ya àwòrán ọpọlọ wọn, kí èsì sì jáde, ì báà gbe oògùn náà, ì báà takò ó. Bó bá sì ṣiṣẹ́, kí iye tí ilé ìwòsàn ń rà á lónìí má lọ sókè.